Ẹ bá wa béèrè irú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi wo ọpọlọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Bí ìwé ìròyìn bá gbé àbájáde ìwádìí lórí ọpọlọ jáde, a kì í ṣàì rí iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, ọjọ́ orí wọn, àti yunifásítì tí iṣẹ́ náà ti wá. Ohun tí a kì í sábà rí ni bí òòfà ẹ̀rọ MRI (ẹ̀rọ tí ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara) tí wọ́n lò ṣe lágbára tó, àti bóyá ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi wo gbogbo wọn. Mo ń fi lẹ́tà yìí rọ̀ yín pé kí ẹ máa béèrè rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ ìdáhùn rẹ̀ síta.

Tẹ́sílà ni a fi ń wọn agbára òòfà. Ẹ̀rọ 1.5 tàbí 3 tẹ́sílà ló wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ti 7 tẹ́sílà, tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí ṣáájú, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún ìtọ́jú aláìsàn ní ọdún 2017. Ní 2020, àjọ yìí kan náà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré tí a lè tì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.064 tẹ́sílà péré. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Saclay, nílẹ̀ Faransé, fi àwòrán ọpọlọ ènìyàn tí wọ́n fi òòfà 11.7 tẹ́sílà yà han aráyé. MRI ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú kan náà wo àwòrán wọn.

Kì í kúkú ṣe pé èyí tó lágbára jù ló dára jù nígbà gbogbo. Lóòótọ́, bí òòfà bá ṣe ń lágbára sí i ni àmì tí háídírójìn inú omi ara ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ń ròkè ju ariwo (ìdàrúdàpọ̀ tí ń bo àmì mọ́lẹ̀) lọ, èyí tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ 7 tẹ́sílà lè fi ohun tí kò tó mìlímítà kan hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ ń lò náà ń yí padà: ó tó nǹkan bí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 64 (ìgbì mílíọ̀nù 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) fún òòfà 1.5 tẹ́sílà, nǹkan bí 128 fún 3, àti nǹkan bí 298 fún 7. Ní 7 tẹ́sílà, ìgbì yìí kì í ràn ká inú orí dọ́gba mọ́. Àárín ọpọlọ a máa mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀bá etí a sì ṣókùnkùn. Nínú àwòrán tó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ hàn, ibi tí ọpọlọ ti súnmọ́ ihò afẹ́fẹ́ inú imú àti etí lè dàrú tàbí kí ó pòórá. Ẹni tí ìwádìí rẹ̀ dá lé ibẹ̀ gan-an lè rí i pé 3 tẹ́sílà ṣe é ní oore ju 7 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ìgbà tí a bá da ẹ̀rọ pọ̀. Ìpele òde ọpọlọ, tí ó ní àwọ̀ eérú, kò nípọn ju bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ, ohun tí àrùn sì ń jẹ nínú rẹ̀ lè má ju ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan. Kọ̀ǹpútà ní láti fa ìlà sí ibi tí apá aláwọ̀ eérú ti pín pẹ̀lú apá funfun, ṣùgbọ́n bí àwọ̀ méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra nínú àwòrán ń yí padà bí agbára òòfà bá yí padà, ìlà náà a sì sún. Ẹnì kan náà lè wọ ẹ̀rọ 1.5 láàárọ̀, kí ó wọ ti 3 lọ́sàn-án, kí ìwọ̀n ọpọlọ rẹ̀ sì yàtọ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi wo àwọn aláìsàn, tí wọ́n fi òmíràn wo àwọn tí ara wọn dá, ó dà bí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n kan wọn ọjà fún olówó, tí ó fi òmíràn wọn fún tálákà. Ìyàtọ̀ tí wọ́n pè ní àrùn lè jẹ́ ti ẹ̀rọ.

N kò sọ pé dída ẹ̀rọ pọ̀ burú o. Iṣẹ́ ADNI, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí àrùn Alzheimer tí ń mú kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, fi ẹ̀rọ 1.5 ya púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ nígbà náà, ó sì tún fi ti 3 wo díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn kan náà kí ó tó wá gba 3 gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Àwọn tí wọ́n wọ ẹ̀rọ méjèèjì yìí gan-an ló jẹ́ kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. UK Biobank, iṣẹ́ ìwádìí ìlera ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn: irú ẹ̀rọ 3 tẹ́sílà kan náà ni wọ́n gbé sí àwọn ibùdó wọn. Ìlànà ìṣirò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ComBat, tí a kọ́kọ́ ṣe fún ìwádìí jíìnì, tí ó lè yọ ìyàtọ̀ ẹ̀rọ kúrò nínú dátà. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tí ó lè ya ẹ̀rọ kúrò lára àrùn bí gbogbo aláìsàn bá wà lórí ẹ̀rọ kan, tí gbogbo àwọn tí ara wọn dá sì wà lórí èkejì.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ tẹ́sílà mélòó ni wọ́n lò, bí ó bá sì ju ẹyọ kan lọ, ǹjẹ́ aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ dá wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan? Bí àwọn olùwádìí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà síta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan