Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fọn tròmbóònù, fèrè onírin tí à ń fa ọ̀pá rẹ̀, ní ọ́kẹ́sítrà Jámánì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà. Púpọ̀ nínú yín ló ti lè fọn nóòtì gíga, tó sì lè fọn ún kíkan-kíkan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́kẹ́sítrà Jámánì kì í tìtorí ariwo gba èèyàn. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí yóò bá àwọn méjì mìíràn jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì papọ̀ di ọ̀kan. Orí ohun yìí ni wọ́n gbé ìdánwò wọn, Probespiel, lé.

Ẹ ó kọ̀wé, bí ìwé yín bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á pè yín. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìpele àkọ́kọ́, kí wọ́n má bàa mọ ẹni tó ń fọn. Àwọn olórin ọ́kẹ́sítrà náà fúnra wọn ló ń gbọ́, àwọn náà ló ń dìbò. Ẹni tó ń fọn tenor, tròmbóònù tó wọ́pọ̀ jù, yóò bá Concertino (orin àdáfọn kúkúrú pẹ̀lú ọ́kẹ́sítrà) tí Ferdinand David kọ pàdé, èyí tí afọntròmbóònù Queisser kọ́kọ́ fọn ní Leipzig lọ́dún 1837. Concertino ti Ernst Sachse ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọn bass, tròmbóònù olóhùn ìsàlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi ní "Danke", ìyẹn "ẹ ṣé, ó tó". Àṣìṣe nóòtì kan ṣoṣo lè má pa yín lára, ṣùgbọ́n ìlù tó ń sáré tó sì tún ń fà, kò sẹ́ni tí yóò dìbò fún un.

Ọ̀pọ̀ ọ́kẹ́sítrà níbẹ̀ ló ń gbé nóòtì A tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe sí 443 Hz (ìgbọ̀n 443 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kì í ṣe 440. Láti ilé ni kí ẹ ti fi 443 kọ́ etí yín. Ẹ má sì máa fa ọ̀pá wọlé títí tó fi kan ìdí ní ipò kìíní, ibi tí ọ̀pá ti súnmọ́ yín jù. D tó wà lókè B-flat àárín máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, F tó wà lókè rẹ̀ sì máa ń ga díẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti kan ìdí, kò sí ọ̀nà tí ẹ ó fi gbé D náà sókè mọ́. Ẹ ti ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́yìn wọlé, kí B-flat lè bọ́ sípò nígbà tí ọ̀pá ńlá bá ṣì ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ìdí. G tó wà lókè F yẹn, ipò kejì ni, ṣùgbọ́n ẹ fà á súnmọ́ ara yín ju ibi tí ipò kejì máa ń wà lọ. Síbẹ̀, bí D kan náà bá jẹ́ ohùn kẹta nínú kọ́ọ̀dù (nóòtì tó ń dún papọ̀) B-flat major, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe rẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kọ́ọ̀dù náà ti ń tòrò. Ẹ wá rí i pé ẹni tó ń wo ẹ̀rọ ìwọn ohùn nìkan kò tíì gbọ́ orin.

Nínú àwọn àyọlò, ìyẹn ègé orin ọ́kẹ́sítrà tí wọ́n ń béèrè ní ìdánwò, Ìgẹṣin àwọn Walküre (àwọn obìnrin jagunjagun inú ìtàn) ti Wagner ló ń tú àṣírí jù. Ìlù rẹ̀ jẹ́ 9/8, ìyẹn quaver mẹ́sàn-án nínú báà (ìpín orin) kọ̀ọ̀kan. Quaver olójú kan (quaver kan àti ààbọ̀) ló ṣáájú, semiquaver kan (ìdajì quaver) tẹ̀ lé e, quaver kan sì kádìí rẹ̀. Semiquaver yẹn ló ń sọnù: ahọ́n ti ń múra sílẹ̀ de nóòtì tó ń bọ̀, ó sì gbé ti kékeré mì. Ẹ fi mẹ́tírónóòmù sí quaver, ẹ má fi sí ìlù ńlá. Ẹ kọ́kọ́ fọn quaver mẹ́ta dọ́gbadọ́gba lórí nóòtì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ so èkejì mọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi nóòtì kékeré náà sí ìdajì ìkẹyìn èkejì yẹn. Kó gba èémí tó bí àwọn yòókù. Ìgbà tó bá dúró dáadáa ni kí ẹ tó yára sí i.

Ní ti Boléro tí Ravel kọ, D-flat gíga ń ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n fífà sẹ́yìn ìlù kékeré (snare drum) ló ń ba solo, apá tí tròmbóònù ń dá fọn, jẹ́. Ẹni tó bá ń wá ipò solo, ìyẹn ipò aṣáájú, gbọ́dọ̀ mọ alto, tròmbóònù kékeré olóhùn gíga, pẹ̀lú: símfónì kẹta Schumann kò ní dá a sí.

Bí wọ́n bá gbà yín, ọdún ìdánwò ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, àwọn tó jókòó tì yín yóò sì tún dìbò. Níbẹ̀ ni sùúrù ti ń hàn. Nínú símfónì kìíní Brahms, tròmbóònù dákẹ́ fún apá mẹ́ta gbáko. Ní apá kẹrin, ẹ ó wọlé jẹ́jẹ́ bí orin ìjọ, tròmbóònù kìíní sì bẹ̀rẹ̀ lórí A gíga. Ètè ti tutù, irin ti tutù, ohùn á sì rẹlẹ̀. Ẹ máa fẹ́ èémí gbígbóná sínú rẹ̀ láìjẹ́ kó dún, ní báà bíi mélòó kan ṣáájú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè láti fi wá nóòtì náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó gbọ́ lára fèrè tàbí fayolíìnì sínú ìwé orin yín, nítorí kíkà báà nìkan máa ń tan èèyàn. Èdè Jámánì tún ṣe pàtàkì: bí olùdarí bá ní kí wọ́n padà sí Takt (báà) báyìí, kò sẹ́ni tí yóò dúró dè yín.

Ẹ tọ́jú etí yín láti ọjọ́ kìíní. Òfin ibẹ̀ fi 85 dB (dẹ́síbẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo) ṣe ààlà ariwo ojúmọ́, tròmbóònù sì máa ń kọjá rẹ̀ wéré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ihò etí yín, kí wọ́n fi ṣe ohun ìdínà ariwo tó bá a mu, kí ẹ sì máa lò ó nígbà ìgbáradì, kó tó di pé ẹ wọ̀ ọ́ lọ sórí pèpéle.