Lẹ́tà sí àbúrò mi tí èébì gbé lórí kẹ̀kẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ nígbà tí o pè mí dùn mí. Kì í ṣe pé o bì, kì í ṣe pé òòyì kọ́ ọ bí o ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó dùn mí ni pé o ní, "Ó jọ pé ọ̀lẹ ni mí." Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ju wákàtí 4 lọ nínú oòrùn, tó ń lé àwọn tó ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí kò jẹ́ kí wọ́n já òun sílẹ̀ lórí òkè kankan! Ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ fún ọ, torí mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó tún gun kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèyàn kì í pọ̀ sí i torí pé iṣẹ́ pọ̀. Bí o bá ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ ń bèèrè ẹ̀jẹ̀, awọ ara náà ń bèèrè tirẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Bí ìyá tí oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ kéré tí ọmọ rẹ̀ sì pọ̀, àwọn tó ń ké jù ni ara máa kọ́kọ́ fún. Ikùn àti ìfun kì í ké, tiwọn la sì ń mú fún ẹlòmíì. Bí eré bá dé góńgó, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn lè fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 dín kù. Ohun tí o bá jẹ tàbí tí o mu nígbà náà, ojú kan ló máa wà. Wá fi ti bí o ṣe tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́ kún un, tí ikùn fi fún pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibo ni nǹkan wọ̀nyẹn máa gbà bí kò ṣe ẹnu?

O tún ní o po ohun mímu aládùn rẹ nípọn kí agbára lè pọ̀. Ìfun ní ìwọ̀n tó lè gbà. Glucose, irú ṣúgà kan, bó bá jẹ́ òun nìkan, nǹkan bí 60 gíráàmù ló lè gbà ní wákàtí kan. Bí a bá pò ó mọ́ fructose, ṣúgà inú èso, ó lè tó 90, ṣùgbọ́n ìfun tí a ti fi kọ́ra díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á jókòó síbẹ̀, á máa fa omi láti inú ara wá bá ara rẹ̀, inú á wú, á sì máa ru.

Gbogbo àwọn tó rí ọ lọ́jọ́ náà ló ní kí o mu omi, kí o sáà máa mu omi. Ibí ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù lọ. Òtítọ́ ni pé òùngbẹ lè fa èébì. Ṣùgbọ́n omi àmujù náà ń fà á, ó sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí èèyàn bá ń làágùn iyọ̀ dànù, tó sì ń fi omi lásán rọ́pò rẹ̀ ju bí ara ṣe ń sọ ọ́ nù lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á là, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Inú á máa ru, orí á máa fọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu á dàrú, gìrì lè tẹ̀ lé e. Nínú Boston Marathon, eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sáréesáré 488 wò: 13 nínú 100 wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, àwọn tí ara wọn wúwo sí i láàárín eré náà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Torí náà, gun òṣùwọ̀n kí o tó jáde àti bí o bá dé. Bí o bá fi kìlógíráàmù kan fúyẹ́, nǹkan bíi lítà omi kan lo sọ nù, máa mu ún padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀. Bí o bá wúwo sí i, tí inú sì ń ru ọ́, fi omi sílẹ̀, kí o wá dókítà.

Ooru náà wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ má sọ pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ara tó ti gbóná kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ gbé e sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn bí ẹ ṣe ń tù ú lára.

Tom Simpson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ akọni orí kẹ̀kẹ́, ẹni ọdún 29 ni nígbà tó ṣubú lórí òkè Mont Ventoux nílẹ̀ Faransé ní July 13, 1967, nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France, tó sì kú. Inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an, wọ́n sì bá amphetamine, òògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ó ti rẹ òun, àti ọtí lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Ara rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, òògùn ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Ìdí nìyí tí ibuprofen tí o lò láàárọ̀ kí orúnkún má baà dùn ọ́ fi ń kọ mí lóminú. Ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà sí kídìnrín lásìkò tí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti dín kù tẹ́lẹ̀, ó sì ń ha ikùn àti ìfun. Mo bẹ̀ ọ́, má lò ó mọ́ kí o tó jáde. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn wò, bóyá ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Nígbà mìíràn tí inú bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru, dẹ ẹsẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Wà á wọ́ọ́rọ́wọ́, débi tí o fi lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ á padà sí ikùn. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí wọ́n máa lọ. Bí o bá sì délé, má ṣe dúró gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti kóra jọ sí ẹsẹ̀ ló mú òòyì kọ́ ọ. Fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà dùbúlẹ̀, kí o gbé ẹsẹ̀ sókè.

O mẹ́nu ba ìtọ̀ rẹ, pé ó dúdú, o sì tètè fò ó. Bí ó bá ti mọ́ lẹ́yìn omi àti oúnjẹ, ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì dà bíi tíì láàárọ̀ ọ̀la, tí itan rẹ sì wú, tó ń dùn ju ìrora tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, iṣan ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín kò sì lè gbé e pẹ́. Má dúró dè mí. Lọ sí ilé ìwòsàn, sọ fún wọn bí o ṣe wa kẹ̀kẹ́ tó àti òògùn tí o lò, lẹ́yìn náà kí o tó pè mí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ