Ẹ gbé ohun tuntun wá sórí ẹ̀rọ àtijọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fẹnu ara wa pè é

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Òṣogbo. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, a máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Ubuntu 22.04 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló sì wà lórí wọn, èyí tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022 tí wọ́n sì ṣèlérí pé ọdún 5 làwọn á fi máa bójú tó o.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé fíláàṣì wá, ètò ìsìnkú ìyá wọn ló wà níbẹ̀, ọmọ wọn ló tẹ̀ ẹ́ láti Èkó lórí ẹ̀rọ tuntun. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, gbogbo ẹ̀ ti fọ́nká, àmì orí orúkọ màmá ti di àpótí kéékèèké, oríkì abẹ́ fọ́tò ò ṣeé kà mọ́. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ṣé orúkọ ìyá mi nìyẹn?" Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Mo mọ ibi tí wàhálà wà: software ìkọ̀wé orí ẹ̀rọ mi ti pẹ́, èyí tó lè ṣí fáìlì náà dáadáa ti jáde, ṣùgbọ́n orí Ubuntu tó dé lẹ́yìn tèmi ni wọ́n kó o sí. Àwọn kan á ní kí n kúkú pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, mo ti ṣe é rí lọ́dún tó kọjá, iná lọ láàárín ẹ̀, bátìrì sì ti kú, ẹ̀rọ ọ̀hún ò tan mọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dá 22.04 padà sórí ẹ̀, oníbàárà ń lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe software, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ṣì ń bójú tó nǹkan kan, kó má mọ sórí dídí ihò táwọn olè ń gbà wọlé nìkan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo mọyì ìyẹn gan-an. Ó ṣeé ṣe. Firefox tí mo fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí Ubuntu mi yìí, tuntun ni nígbà gbogbo, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ́kọ́ pa Ubuntu dà. Fóònù ńkọ́? Láti Android 10 tó jáde ní 2019, Google ń gba orí Play Store tún àwọn apá kan lára Android ṣe láìdúró de ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má fipá gbé e wọlé o. Ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún, ẹ má yí i mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Nínú Ubuntu, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní backports, ohun tuntun wà níbẹ̀ fún ẹ̀rọ àtijọ́, kì í sì í wọlé fúnra ẹ̀, àfi téèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ pe ẹyọ èyí tó fẹ́, ìyókù á wà bó ṣe wà. Debian, ètò míì tó jọ Ubuntu, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló wù mí jù. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé nǹkan ibẹ̀ ò pọ̀, torí ẹni tó máa tún software tuntun kọ́ kó lè bá àwọn láíbúrérì àtijọ́ (àwọn ègé kóòdù tí software gbára lé) mu, kó tún dán an wò, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gba owó kankan.

Flatpak, ọ̀nà míì téèyàn lè gbà fi software sórí ẹ̀rọ, ló yọ mí lọ́jọ́ náà. Ó ń gbé láíbúrérì tiẹ̀ dání bí arìnrìn-àjò tó di oúnjẹ sápò, kò fọwọ́ kan Ubuntu rárá, ṣùgbọ́n dátà tó jẹ lé ní 1GB, àpò mi ló ti jáde. Nígbà tí fáìlì ṣí, àmì orí Àbẹ̀kẹ́, orúkọ màmá, hàn ketekete. Bàbá fìka tọ́ ọ, wọ́n pè é sókè, wọ́n tún un pè.

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tẹ́ ẹ̀ ń kọ software, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣí sílẹ̀, ẹ wá lo ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo