Kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí èèyàn bá kú sí ọsibítù nílùú Ìbàdàn yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń tẹ̀lé e: àwọn kan á ní ọlọ́jọ́ ló dé, àwọn mìíràn á ní àwọn dókítà ò ka ẹ̀mí èèyàn sí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọlọ́jọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan yẹ kó ṣáájú: aago mélòó ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni wọ́n gbé e dé, kí ni wọ́n sì fún un láàárín méjèèjì?

Ẹ wo rọpárọsẹ̀. Oríṣi méjì ni. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ. Nínú ìkejì, iṣan ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú orí. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ bíi CT scan wo inú orí. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà fún ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 4 àti ààbọ̀. Owó rẹ̀ ga, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé, wọn ò tilẹ̀ ní dárúkọ rẹ̀ fún un. Kíka aago gan-an ni àwọn ará ilé ti ń ṣì í. Ìgbà tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ni àwọn dókítà ń kà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá a nílẹ̀. Bí Bàbá bá wọlé sùn ní aago 10 alẹ́, tí wọ́n wá bá a ní aago 6 àárọ̀ tí ẹnu ti wọ́, wákàtí 8 ti lọ nìyẹn.

Kí wọ́n sì tó wá ọkọ̀, wọ́n á ti da àgbo sí i lẹ́nu. Ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè má lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí wọ́n dà sí i á gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara á gbóná, èémí á máa ṣòro, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aspirin tí kẹ́míìsì fún un ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, ṣe ni yóò tún mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n sọ di ìlọ́po méjì náà ò dára: bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ kò ní tó mọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ti abiyamọ ló yára jù. Obìnrin tí ara rẹ̀ le koko lè kú láàárín wákàtí 2 bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀kún ìgò 50cl kan ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, ojú ò sì lè wọn iye yẹn, torí aṣọ àti tìmùtìmù ti mu ún. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní 2023, lo ọ̀rá tó ní àmì mílílítà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí abiyamọ. Ọ̀rá lásán ni o, ẹ̀yin ará! Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé àmì, wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan pọ̀: wọ́n ń fọwọ́ ra ikùn kí ilé ọmọ lè le, wọ́n ń fún un ní oxytocin tó ń mú ilé ọmọ le, tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù 1 sínú iṣan, àti dríìpù, wọ́n sì ń wò ó bóyá ibì kan ya. Wọn kì í ṣe ọ̀kan kí wọ́n dúró wò ó kó tó kan èkejì. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínú ìyá 100, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn dé lítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó di iṣẹ́ abẹ tàbí ikú, jẹ́ 1.6, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí ti tẹ́lẹ̀, 4.3 ni. Tranexamic acid ò sì wúlò mọ́ bó bá ti kọjá wákàtí 3. Oxytocin ní tirẹ̀, inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 digirì. Kílíníìkì tí iná ò bá dúró níbẹ̀, agbára rẹ̀ á ti dínkù kí wọ́n tó fà á sínú síríńjì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà sára pẹ̀lú. Èyí tí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sílẹ̀ kò ṣeé gbé sára lójú ẹsẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, hepatitis B àti C àti àwọn àìsàn mìíràn, kí wọ́n sì pò ó mọ́ ti aláìsàn wò. Ẹ̀jẹ̀ lè lo ọjọ́ 35 nínú fíríìjì, torí náà ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbímọ ló yẹ kí ẹbí ti lọ, kì í ṣe òru ọjọ́ náà tí wọ́n ń sá kiri láti ọsibítù Adéọ̀yọ́ dé ọsibítù UCH. Kílíníìkì tó bá sì ń darí aláìsàn síbòmíràn, kó kọ́kọ́ pè wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀dì wà. Gbogbo ará Ìbàdàn ló mọ bí Ọ̀jọ́ọ̀ àti Ìwó Road ṣe ń rí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́.

Gìrì ọmọdé: ìtọ̀ màálù tí wọ́n ń pò mọ́ ewé tábà fún ọmọ mu, èyí tí àwọn oníwàádìí ti ń kọ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ibà líle fúnra rẹ̀ sì ti ń lé ṣúgà yẹn wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n ń fi la eyín náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ti jẹjẹrẹ ọmú kò gùn: kókó tí kò dunni ló yẹ kó lé wa lọ sí ọsibítù, torí ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ó lè ti tàn kálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Òfin náà dára, àmọ́ kì í ra ìbọ̀wọ́, kì í sì í ra dríìpù. Ẹni tó bá lè wọ ètò ìṣèdúró ìlera ìpínlẹ̀ yìí, kó wọ̀ ọ́ nígbà tí ara ṣì dá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, èyí tí èèyàn lè gé kó sì fi sínú póòsì: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, jẹnotáìpù, oògùn tó ń lò àti iye mílígíráàmù rẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àti àyè tí wọ́n á kọ aago tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí. Fún ọmọdé, kí àyè ìwọ̀n kìlò rẹ̀ wà níbẹ̀, torí mílígíráàmù 3 fún kìlò kan ni wọ́n fi ń wọn artesunate, abẹ́rẹ́ ibà líle, fún ọmọ tí kò tó kìlò 20.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Yemẹtu, Ìbàdàn.