Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì o. Ara wa le ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ìyàwó Kúnlé ti bí, obìnrin ni, iṣu wọ́n, géètì yín ṣì ń dún bí ìgbà tí o lọ. Ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló mú mi jókòó kọ ìwé.

Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́! Rélùwéè ìṣeré onípákó tí o fi ránṣẹ́ sí yàrá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wa ló gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn tí wọn kì í yọjú síta mọ́ látìgbà tí a ti sin Ìyá! Mo kàn ní kí wọ́n wá wò ó ni. Wọ́n dé, wọ́n pòṣé: "Ta ló to ìranù yìí?" Látọjọ́ náà, ọ̀sán Sátidé kò bá wọn nílé mọ́, àní fìlà iṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n ń dé wá.

Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ibi tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ ni wọ́n mọ ojú irin sí, àwọn náà ló ń ka ibùdókọ̀ báyìí: Kútọnu, Bohicon, Ìdáàṣà, títí dé Parakú, kìlómítà 438. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í sọ ìdáhùn fún wọn o. Ọmọ kan fẹ́ so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ orí ọkọ̀. Bó ṣe ń tì í sún mọ́ ọn ni tọ̀hún ń sá, torí òòfà ìdí wọn kọ ara wọn. Ó ní, "Wọ́n ń jà." Mo nawọ́, Bàbá gbá mi lọ́wọ́. Ọmọ yìí tì í títí, inú bí i, ló bá yí kẹ̀kẹ́ náà po. Kó! Ó so. Ó tún yí i padà kí wọ́n lè tún jà. Iṣẹ́ tó ṣe títí a fi tilẹ̀kùn nìyẹn.

Ìjà gidi wà láàárín Bàbá àti káfíńtà. A ní kó fi igi tíìkì gbẹ́ ojú irin kún tiwa. Ó gbẹ́ ẹ, ó dán, òjò dé, igi wú, orí kò wọ ihò mọ́. Bàbá ní kò fi àyè sílẹ̀. Irin gidi pàápàá, wọ́n máa ń fi àlàfo sí oríkèé rẹ̀, torí oòrùn a máa mú un gùn. "Wọn ò tíì bí bàbá rẹ nígbà tí irin dé Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dún 1911!" Àwọn náà ò tíì dáyé, ṣùgbọ́n ẹnu ta ni wọn yóò ti gbọ́ ọ? Wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, ojú Bàbá ló ń kọ mí lóminú. Ìka ni wọ́n fi ń wá ihò pákó kiri kí wọ́n tó so ó. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní dókítà wo ló mọ rélùwéè. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má dárúkọ mi. Bèèrè rélùwéè ná, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dé Parakú, kí o tó mẹ́nu ba ojú. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbà fún.

Tí o bá sì rí ẹni ń bọ̀, fi ojú irin onípákó tó tẹ̀ ránṣẹ́, mẹ́jọ nínú àwọn ńlá ló ń yí po di òbìrí, tiwa ò tó. Má ra ti ilé iṣẹ́ BRIO ní tuntun o. Èyí tí ọmọ ẹlòmíì ti dàgbà jù náà dára. Ṣùgbọ́n má rán oníbátìrì. Bàbá ní bí ọkọ̀ bá ń dá lọ, kí ni wọ́n ń fi òun ṣe?

Èmi ni,
Pelagie