Ẹ Kọ Ìtàn Yín Kí Ẹ Tó Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ iná, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń bi mí bóyá ó dára kí èèyàn fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó máa kọ ìtàn, kó sì máa kọ́ ọmọ níwèé. Ó dára. Èmi náà ṣiṣẹ́ iná mànàmáná kí n tó di tíṣà. Ṣùgbọ́n ìtàn ni kó ṣáájú.

Ẹ wo George Saunders ní Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà ni, ó bá wọn wá epo rọ̀bì dé Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà. Ọ́fíìsì ló ṣì wà tó ń kọ ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé náà jáde ní 1996. 1997 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Syracuse. Amos Tútùọlá tiwa ńkọ́? Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló kọ́, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ló sì jẹ́ l'Ékòó nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Lẹ́yìn òkìkí yẹn náà, ó ṣì ń gbowó oṣù. Ẹni tí kò bá rí wákàtí kan kọ̀wé lálẹ́ nígbà tí owó oṣù ń wọlé, ṣé ìgbà tí onílé bá ń kanlẹ̀kùn ni yóò rí i?

Ẹ má sì rò pé ẹ fi ọdún yín ṣòfò nídìí ẹ̀rọ. Mo ní kí àwọn ọmọ SS2 kọ ìtàn nígbà kan. Ọ̀pọ̀ wọn kọ nípa yìnyín ìlú òyìnbó tí wọn ò rí rí. Ọmọkùnrin kan kọ nípa bàbá rẹ̀ tó ń lẹ táyà: bó ṣe ń fẹ́ túùbù, tó ń tì í bọ inú abọ́ omi, tó ń yí i díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, títí omi yóò fi hó níbi tó ti lu, tí yóò sì yára fi àtàǹpàkò dí i. Òun làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó tún kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òpó iná lóru òjò, ta ni yóò bá wa kọ ọ́ tí ẹ̀yin ò bá kọ ọ́?

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní ẹni tí kò ríṣẹ́ ló ń ṣe tíṣà. Iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni. Ẹni tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní láti gba PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà fún ẹni tó ti gboyè tẹ́lẹ̀, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀. Ẹ lè kọ́ PGDE lọ́dọ̀ NTI, iléèwé ìjọba tó ń kọ́ àwọn tíṣà, nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ti wà nínú ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Owó tíṣà kéré, n kò ní í purọ́ fún yín. Ẹ jókòó ti ọkọ tàbí aya yín, kí ẹ jọ ṣírò owó ilé, owó iléèwé àti owó oúnjẹ, kí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó dé orí tábìlì ọ̀gá.