Lẹ́tà sí Yèyé Àgbà, ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ túfọ̀

Yèyé mi,

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti ń bọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹ fara balẹ̀, wọn ò tì mí mọ́lé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó pín wọn sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì pè mí lóru, mo máa ń dìde. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní àwọn àlùfáà àti lẹ́mọ́mù tiwọn, tí wọ́n wọṣọ, tí wọ́n ní ipò, tí wọ́n ń gbowó oṣù. Èmi ò sí lára wọn. Pásítọ̀ àdúgbò tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni mí. Owó ọ̀kadà gan-an, láti àpò mi ni.

Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀yin náà ì bá bi mí ní ohun tí gbogbo Iléṣà ń bi mí: "Ṣé o mọ DPO?" Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń taṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní kí n bá òun sọ fún wọn kí wọ́n lọ gbé oníbàárà tó jẹ òun lówó. Mo ní Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ò fàyè gbà á kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè lásán. Ó wò mí bí ẹni tó ti gba rìbá lọ́wọ́ onígbèsè. Mo rántí Bàbá àti ẹgbẹ́ wọn. Òṣó ni Òṣómàáló ń ló sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde, wọn ò dààmú ọlọ́pàá kankan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ikú ni.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọkọ̀ pa ọmọ Ìyá Alágbo. Ẹ̀yin ni wọ́n rán. Mo tẹ̀ lé yín, ẹ ò lé mi padà. Ẹ ò lọ bá a tààrà. Ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ orogún rẹ̀, ẹ yà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹ ní kí ìyàwó kékeré kan lọ yọ iná lábẹ́ ìkòkò àgbo. Nígbà tẹ́ ẹ ó fi jókòó tì í, a ti tó mẹ́jọ nínú yàrá náà. Ẹ tọrọ omi. Ẹ ní ọkọ̀ gbá ọmọ náà, ẹ ní ara rẹ̀ ò le. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́. Ẹ ò fẹnu kan ikú rárá.

Ní báyìí, fóònù ni. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lọ́nà Àkúrẹ́, wọ́n á wo fóònù tó wà lápò òkú, wọ́n á wá ibi tó kọ "Màámi" sí, wọ́n á pè é. Mo wà nídìí kántà lọ́jọ́ tí kọ́ńsítébù kan ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ọmọdé ni, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá wọn gbé ò tíì gbẹ lára bàtà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti kú o." A gbọ́ nígbà tí fóònù já bọ́ lọ́wọ́ màmá náà, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àárín títì ni wọ́n wà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọmọkùnrin náà ò fi nǹkan kan kan ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ ló ní àlùfáà tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ bíi tèmi. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tó ti wà láti 1973. Títúfọ̀ wà lára iṣẹ́ wọn gan-an, ó sì ní ìlànà: ẹ má fi fóònù sọ ọ́, ẹ lọ ní méjì-méjì, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ pe ikú ní ikú, ẹ má sọ pé ó sùn. Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ mi àfi èyí tó kẹ́yìn. Ta ní ń la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọlọ́mọ lórí?

Lọ́dún 2021, a lọ sílé awakọ̀ kan ní Ìrojò. Mo ní kí àwọn ọlọ́pàá jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Mo tọrọ omi. Mo ní ọkọ̀ rẹ̀ ní ìjàǹbá, mo ní ara rẹ̀ ò le. Mo ń retí kí ìyàwó rẹ̀ wo ojú mi. Kò wò mí. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé ògì kaná, ó ní ọkọ òun ò tíì jẹun láti àárọ̀, òun á gbé e lọ bá a ní ọsibítù. Èmi àti ọlọ́pàá méjì dúró, ògì ń hó. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ilé ìdáná yẹn ni mo ti sọ ọ́, létí iná.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ òru, Yèyé, kó tó yé mi. Ẹnu yín ni mo kọ́, n ò kọ́ ẹsẹ̀ yín. Gbogbo ilé tẹ́ ẹ yà sí lọ́jọ́ náà, èèyàn lẹ ń kó jọ. Ìyá Alágbo rí orogún rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá kan náà lọ́sàn-án gangan, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi, ta ni mo kó dání?

Nísinsìnyí, bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń béèrè pé ta ni aládùúgbò, ta ni ẹ̀gbọ́n, ṣé ká pe Ààfáà. Mo máa ń wo ibi tí iná wà. Bí ilé bá ti kún, tí onítọ̀hún ò sì fúnra rẹ̀ sọ ọ́, mo máa ń pe ikú ní orúkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo gbà fún àwọn ará Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ẹ lè bínú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń bá àwọn ọlọ́pàá jókòó nínú ọkọ̀ wọn, torí kò sẹ́ni tó ń kí wọn kú ìrọ́jú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí ní aago méjì òru. Kọ́ńsítébù ọjọ́sí, tó ti gba ìgbéga báyìí, ló wakọ̀. A dé ẹnu ọ̀nà, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó dì mí lápá mú. "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kan tẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yìí ná."

A kàn án. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn gán-án-ní wa, kò béèrè ohun kan. Ó so ìró mọ́ àyà, ó ní ká rọra dúró, òun ń lọ jí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù.

Ọmọ yín